Ẹ Gba Wáyà Lọ́wọ́ Ọdẹ, Ẹ Fún Un Ní Àwọ̀n

Ẹni tó bá gba Sapele Road jáde kúrò nílùú Benin, olú ìlú ìpínlẹ̀ Edo, láti Ring Road tó wà nítòsí ààfin Ọba, yóò rí i pé bí ilé bá ti ń tán ni oko ńláńlá ń bẹ̀rẹ̀. Apá ibẹ̀ ni Iyanomo wà, níbi tí iléeṣẹ́ ìwádìí rọ́bà ti ìjọba àpapọ̀ fìdí kalẹ̀ sí, èyí tí ìtàn rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ lọ́dún 1961. Obaretin àti Ologbo náà wà lọ́nà yẹn, pẹ̀lú oko ọ̀pẹ iléeṣẹ́ Presco, kí èèyàn tó sọdá odò Ossiomo bọ́ sí ìpínlẹ̀ Delta. Ohun tó ṣẹ́kù láàárín rọ́bà àti ọ̀pẹ ni oko ẹ̀gẹ́, ilẹ̀ tí wọ́n fi sílẹ̀ kó sinmi, àti àbàtà. Irú ibẹ̀ ni ọ̀yà, òkété, òòrẹ̀ àti ẹtu ń gbé, ibẹ̀ náà sì ni ọdẹ ń lọ. Láti ọjọ́ pípẹ́ ni ìjọba àtàwọn tó ń dáàbò bo ẹranko ti ń bá ọdẹ fà á lórí irú ẹran tó lè pa àti èyí tí kò gbọdọ̀ pa, ṣùgbọ́n ohun tó fi ń pa ẹran náà kò fi bẹ́ẹ̀ kàn wọ́n. Ibẹ̀ ni mo rò pé àṣìṣe wà. Ohun ìpẹran ló yẹ kí òfin kọ́kọ́ dì mú. Ká gba wáyà tí wọ́n fi ń dẹ tàkúté, májèlé, iná àti ìbọn òru lọ́wọ́ ọdẹ, ká sì fi àwọ̀n gígùn rọ́pò wọn.

Fífi àwọ̀n dọdẹ kì í ṣe àṣà tuntun. Láti ayébáyé ni àwọn Mbuti àtàwọn Aka nínú igbó Kongo ti ń fi í mú ẹtu. Ìdílé kọ̀ọ̀kan ní tirẹ̀, wọn a so ó pọ̀, a wá gùn débi pé ó lè yí apá kan igbó ká, tọkùnrin tobìnrin tọmọdé a sì jọ máa lé ẹran bọ̀ níbẹ̀. Nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ehoro ni wọ́n ń fi irú àwọ̀n bẹ́ẹ̀ mú. Ehoro tiwọn máa ń gbẹ́ ihò, a sì máa jáde lóru lọ jẹ koríko lójú pápá. Lóru tí òkùnkùn bá ṣú, tí afẹ́fẹ́ sì ń fẹ́ tí kò jẹ́ kí ehoro gbọ́ ìró ẹsẹ̀, ọdẹ a dẹ àwọ̀n sáàárín ihò àti pápá, wọn a wá dẹ́rù bà á kó lè sá padà sílé. Ehoro ilẹ̀ wa kì í gbé inú ihò ní tirẹ̀. Orí ilẹ̀ ló ń sùn, lábẹ́ koríko, ilẹ̀ ọ̀dàn bíi ti Òkè-Ògùn sì bá a lára mu ju igbó Benin lọ. Nítorí náà, bí a bá ń sọ̀rọ̀ àwọ̀n ní Sapele Road, ọ̀yà ni ká fi ọkàn sí. Òun ló ń ṣe níbí ohun tí ehoro ń ṣe lọ́hùn-ún: ó ń jẹ koríko, ó ń jẹ ohun ọ̀gbìn, ó ń bímọ púpọ̀, ó sì ní ojú ọ̀nà tóóró tó máa ń tọ̀ láàárín koríko.

Bí wọ́n ṣe ń dẹ àwọ̀n ọ̀hún ló gbé gbogbo àríyànjiyàn mi ró, nítorí náà ẹ jẹ́ ká wò ó dáadáa. Okùn kan gba òkè rẹ̀, òmíràn gba ìsàlẹ̀, igi wẹ́wẹ́ tí wọ́n gún mọ́lẹ̀ ló sì gbé e dúró, kò fi bẹ́ẹ̀ ga ju ìbàdí lọ. Wọn kì í fà á le. Bí ó bá le, ẹran tó fi eré kọ lù ú yóò ta padà, yóò sì wá ibòmíràn gbà. Ṣùgbọ́n bí wọ́n bá jẹ́ kó dẹ̀, kó ṣẹ́po sílẹ̀, ẹran á kó sínú rẹ̀ bí ìgbà tó wọnú àpò, bó sì ti ń jà ni àwọ̀n ń lọ́ mọ́ ọn. Àwọn kan ba sẹ́yìn àwọ̀n, àwọn yòókù ń fi igi lu koríko bọ̀ láti òkèèrè pẹ̀lú ajá. Nígbà tí ẹran bá wọ àwọ̀n, àwọn tó ba sílẹ̀ á bò ó mọ́lẹ̀. Ní àkókò yẹn, ẹran náà ṣì wà láàyè, ọwọ́ èèyàn ló sì wà. Wọ́n lè wo abẹ́ rẹ̀ bóyá ó lóyún, bóyá ọmú rẹ̀ ń ṣe wàrà. Bí ó bá kéré jù, wọ́n lè tú u sílẹ̀. Bí ó bá jẹ́ akika ló ṣèèṣì wọ̀ ọ́, wọ́n lè gbé e padà sínú igbó láìsí egbò lára rẹ̀. Kò sí ìkankan nínú ohun ìpẹran tí wọ́n ń lò lápá Sapele Road tó ń fún ọdẹ láàyè láti yàn lẹ́yìn tí ọwọ́ bá ti tẹ ẹran.

Wáyà kò fún ẹnikẹ́ni láàyè bẹ́ẹ̀. Wáyà bíréèkì kẹ̀kẹ́ tàbí ti ọ̀kadà tó ti gbó ni púpọ̀ nínú àwọn ọdẹ ń lò. Owó rẹ̀ kò tó nǹkan, kì í tètè já, kì í jẹrà. Ọdẹ kan lè dẹ ọgọ́rùn-ún káàkiri igbó, kó máa lọ bẹ̀ ẹ́ wò lẹ́yìn ọjọ́ mẹ́ta tàbí mẹ́rin, òmíràn tiẹ̀ lè dẹ ẹ́ kó gbàgbé ibi tó dẹ ẹ́ sí. Ẹran tó bá kó ẹsẹ̀ sí i yóò jà títí wáyà yóò fi gé e dé egungun. Òmíràn á já ẹsẹ̀ ara rẹ̀ sílẹ̀ lọ kú síbi tí ọdẹ kò ní rí. Andrew Noss, onímọ̀ tó ṣe ìwádìí lórí ọdẹ wáyà nínú igbó orílẹ̀-èdè Central African Republic ní àwọn ọdún 1990, rí i pé nǹkan bí ìdá kan nínú mẹ́rin àwọn ẹran tí wáyà mú ló jẹrà tàbí tí ẹranko mìíràn ti jẹ kí ọdẹ tó padà dé. Ìyẹn ni pé nínú ẹran mẹ́rin tí igbó pàdánù, ọ̀kan kò kan ọbẹ̀ ẹnikẹ́ni. Ká pa ẹran ká jẹ ẹ́, ìyẹn ni ìwà ọdẹ. Ká pa á kó jẹrà sínú igbó, ìfiṣòfò ni, ó sì yẹ kó dun ẹni tó fẹ́ràn ẹran ìgbẹ́ ju ẹnikẹ́ni lọ.

Ìdí mìíràn tí ọ̀rọ̀ yíyàn yìí fi ṣe pàtàkì ni pé bíbí ẹran kò dọ́gba. Ọ̀yà máa ń lóyún fún nǹkan bí oṣù márùn-ún, ọmọ bíi mẹ́rin ló sì sábà máa ń bí lẹ́ẹ̀kan náà, nígbà mìíràn ó máa ń jù bẹ́ẹ̀ lọ. Oyún òkété kò ju nǹkan bí oṣù kan lọ. Irú àwọn ẹran bẹ́ẹ̀ lè fara da ọdẹ tó mọ̀wọ̀n. Ṣùgbọ́n ọmọ kan ṣoṣo ni ẹtu ń bí lẹ́ẹ̀kan, bẹ́ẹ̀ náà ni akika, ọ̀pọ̀ oṣù ni wọ́n sì fi ń ru oyún ẹyọ kan yẹn. Igbó tí wọ́n bá ń pa mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ní ìwọ̀n kan náà, ẹtu àti akika ló máa kọ́kọ́ tán níbẹ̀. Wáyà tí wọ́n dẹ fún òkété kò mọ̀ ju ẹsẹ̀ tó bá wọ̀ ọ́ lọ. Bí òfin bá wá sọ pé kí ọdẹ pa ọ̀yà ṣùgbọ́n kó má pa ẹtu, tí kò sì gba wáyà lọ́wọ́ rẹ̀, ohun tí apá ọdẹ náà kò ká ni òfin ń béèrè lọ́wọ́ rẹ̀.

Òfin tó gbajúmọ̀ jù lórí ọ̀rọ̀ yìí nílẹ̀ wa ni èyí tí ìjọba ológun ṣe lọ́dún 1985 lórí àwọn ẹranko tó ń pa run, tí wọ́n tún ṣàtúnṣe rẹ̀ lọ́dún 2016. Òwò láàárín orílẹ̀-èdè wa àti òkèèrè ló gbájú mọ́ jù, ó sì to orúkọ ẹranko lẹ́sẹẹsẹ. Ó wúlò ní èbúté àti ní pápákọ̀ òfurufú, níbi tí wọ́n ti ń mú àpò ìpẹ́ akika. Ṣùgbọ́n ìwádìí tí Charles Emogor àtàwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ gbé jáde lọ́dún 2025, tí wọ́n ṣe ní apá Cross River, fi hàn pé nítorí ẹran rẹ̀ ni wọ́n fi ń pa akika níbẹ̀ jù lọ, kì í ṣe nítorí ìpẹ́ tí wọ́n ń tà sókè òkun. Bí ó bá rí bẹ́ẹ̀, ibi tí akika ti ń ṣègbé ni ẹ̀yìnkùlé abúlé, kọ́sítọ́ọ̀mù kò sì lè débẹ̀. Ẹ wo ohun tí àwọn Gẹ̀ẹ́sì ṣe lọ́dún 1880. Ehoro ń jẹ ohun ọ̀gbìn àwọn àgbẹ̀ tó ya ilẹ̀ lò, wọn kò sì ní àṣẹ láti pa á, nítorí ẹran onílẹ̀ ni. Ilé aṣòfin wọn wá ṣe òfin tí wọ́n ń pè ní Ground Game Act, tó fún àgbẹ̀ ní ẹ̀tọ́ láti mú ehoro lórí ilẹ̀ tó ń dá oko sí. Òfin kan náà ló sọ pé wọn kò gbọdọ̀ yin ìbọn sí i lóru, wọn kò gbọdọ̀ lo májèlé, wọn kò sì gbọdọ̀ dẹ tàkúté onírin sí ibòmíràn àyàfi ẹnu ihò. Wọ́n fún àgbẹ̀ ní ẹran, wọ́n sì pàṣẹ irú ọ̀nà tó lè gbà mú un. Ohun tó sọnù nínú òfin 1985 tiwa nìyẹn.

Ní ti Sapele Road, ìdí tún wà tó yẹ kó mú àwọn olóko ńlá fara mọ́ ọn. Rọ́bà máa ń wọ́wé nígbà ọ̀gbẹlẹ̀. Láàárín oṣù Kejìlá sí oṣù Kejì, ewé gbígbẹ á bo ilẹ̀ oko rọ́bà, ìṣáná kan sì tó láti sun iṣẹ́ ogún ọdún. Àkókò yẹn gan-an ni àwọn tó ń wá ọ̀yà máa ń fi iná bọ koríko kí ẹran lè sá jáde. Àwọ̀n ń ṣe iṣẹ́ kan náà láìsí iná. Bẹ́ẹ̀ ni ọ̀yà fúnra rẹ̀ jẹ́ ọ̀tá ọ̀pẹ kékeré: ó máa ń jẹ ìdí rẹ̀ títí tí yóò fi kú, ìdí nìyẹn tí àwọn olóko fi máa ń fi wáyà alásẹ́ yí ìdí ọ̀pẹ tuntun ká. Oko tó bá gba àwọn ọdẹ àwọ̀n láàyè láti dẹ etí oko rẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì tàbí ẹ̀ẹ̀mẹta lọ́dún á jèrè, abúlé náà á sì jẹran.

Ti ìbọn sì tún wà níbẹ̀, ọ̀rọ̀ rẹ̀ sì ti kúrò ní ti ẹran nìkan. Ní oṣù Kẹta ọdún 2025, àwọn èèyàn kan ní Uromi, ní ìpínlẹ̀ Edo yìí kan náà, dá ọkọ̀ àwọn ọdẹ tó ń bọ̀ láti Port Harcourt lọ sí Kano dúró. Wọ́n bá ìbọn ìbílẹ̀ lọ́wọ́ wọn, wọ́n pè wọ́n ní ajínigbé, wọ́n sì pa èèyàn 16. Ìwà ìkà tí kò ní àwíjàre ni, ẹ̀bi rẹ̀ sì wà lọ́rùn àwọn tó pa wọ́n. Síbẹ̀, ó fi hàn wá irú ayé tí ọdẹ ń rìn nínú rẹ̀ báyìí. Ẹni tó fi iná sórí, tó gbé ṣakabùlà kọ́ èjìká, tó ń jáde látinú igbó ní aago méjì òru, ìpayà ló jẹ́ fún ará abúlé àti fún ọlọ́pàá. Ogún èèyàn tó ń dẹ àwọ̀n lọ́sàn-án, pẹ̀lú ajá àti ariwo, lójú gbogbo ayé, kò sí ẹni tí yóò ṣì wọ́n mú.

Bí a bá ń sunkún, a máa ń ríran, mo sì mọ̀ pé àwọn tí kò gbà pẹ̀lú mi ní ohun tí wọ́n lè fi dá mi lóhùn. Èyí tó lágbára jù ni pé àwọ̀n fúnra rẹ̀ lè pa igbó run. Òótọ́ ni. Noss tí mo dárúkọ lẹ́ẹ̀kan náà wo ọdẹ àwọ̀n àwọn Aka, ó sì rí i pé iye ẹtu kékeré tí wọ́n ń mú ju èyí tí igbó lè rọ́pò lọ. N kò lè fi ìdajì ìwádìí ọkùnrin náà ti ọ̀rọ̀ mi lẹ́yìn, kí n wá fi ìdajì yòókù pamọ́. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ ká yẹ ohun tó rí wò. Ẹtu, ọlọ́mọ kan ṣoṣo, ni wọ́n ń mú níbẹ̀, wọ́n sì ń mú un tà láìsí òdiwọ̀n. Ohun tí mò ń béèrè yàtọ̀: kí àwọ̀n wà fún ọ̀yà àti òkété lórí ilẹ̀ oko, kí wọ́n máa tú ẹtu sílẹ̀, kí oṣù tí wọn kò gbọdọ̀ dẹ ẹ́ sì wà. Ẹnìkan á ní, "Ta ni yóò ṣọ́ ọdẹ nínú igbó kó lè tú ẹtu sílẹ̀?" Ìdáhùn rẹ̀ wà lára àwọ̀n fúnra rẹ̀. Ẹnìkan kò lè dá a dẹ. Ó gba èèyàn púpọ̀, ó gba ajá, ó gba ariwo, gbogbo abúlé ló sì máa mọ ọjọ́ tí wọ́n jáde. Wáyà ogún wọ inú àpò ṣòkòtò kan, wọn a sì dẹ ẹ́ láìsí ẹlẹ́rìí. Bí a bá fẹ́ kí òfin ní ojú nínú igbó, ohun ìpẹran tí kò ṣeé fi pamọ́ ni ká fi lé ọdẹ lọ́wọ́. Ojú àwọ̀n náà sì ṣeé wọ̀n. Àwọn apẹja ti mọ èyí tipẹ́: bí ojú àwọ̀n bá ṣe fẹ̀ tó ni ọmọ ẹja ṣe ń ráyè kọjá.

Àwọn mìíràn á sọ ti àìsàn. Ní ìpínlẹ̀ Edo, ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ fi ọwọ́ yẹpẹrẹ mú èyí, nítorí ilé ìwòsàn ńlá tó wà ní Irrua ló ń gba àwọn tó ní ibà Lassa láti ọ̀pọ̀ ọdún wá. Eku kékeré tó máa ń wọlé wá jẹ oúnjẹ ló ń gbé àìsàn yẹn kiri jù, kì í ṣe ọ̀yà. Síbẹ̀, ẹran tó wà láàyè lè gé ni jẹ, ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ sì lè ta síni lójú. Ewu wà níbẹ̀, ìbọ̀wọ́ tó nípọn sì di dandan fún ẹni tó ń di ẹran mú. Ṣùgbọ́n ẹran tí wọ́n mú láàyè, wọ́n rí bó ṣe ń rìn. Bí ara rẹ̀ kò bá yá, ó máa hàn. Ẹran tí wọ́n bá lórí wáyà ńkọ́, tó ti kú láti ìjẹta, tí wọ́n wá sun irun rẹ̀ tí wọ́n fi èéfín gbẹ ẹ́ kó má baà rùn? Èyí tí wọ́n fi májèlé ọta-pia-pia pa ńkọ́? Ta ló lè sọ ohun tó pa á fún ìyàwó ilé tó dá ọkọ̀ dúró létí títì láti rà á?

Àwọn kan tún wà tí wọn kò fẹ́ gbọ́ ọ̀rọ̀ ọdẹ rárá. Wọ́n ní kí ìjọba fòfin de ẹran ìgbẹ́ pátápátá, kí àwọn èèyàn máa sin ọ̀yà àti ehoro nílé. Mo gbà pé kí wọ́n máa sìn ín. Láti àwọn ọdún 1980 ni wọ́n ti ń ṣiṣẹ́ lórí sísin ọ̀yà ní orílẹ̀-èdè Benin tó múlé gbè wá, àwọn àgbẹ̀ tiwa náà sì ti kọ́ ọ. Ṣùgbọ́n ó gba àgò, oúnjẹ àti sùúrù oṣù púpọ̀ kí ọ̀yà kan tó tó tà, kì í ṣe gbogbo abúlé ló lágbára rẹ̀, sísin ọ̀yà nílé kò sì ní kí èyí tó wà nínú ìgbẹ́ dáwọ́ jíjẹ ẹ̀gẹ́ dúró. Ní ti ìfòfindè pátápátá, a ti rí àpẹẹrẹ rẹ̀. Lọ́dún 2014 tí Ebola wọ Èkó, tó sì pa èèyàn 8 ní Nàìjíríà, ìbẹ̀rù ikú gan-an ló lé àwọn oníbàárà kúrò nídìí ẹran ìgbẹ́, ìbẹ̀rù sì lágbára ju òfin lọ. Ní ogúnjọ́ oṣù Kẹwàá ọdún náà ni àjọ ìlera àgbáyé kéde pé àrùn náà ti kúrò ní Nàìjíríà. Ẹran ìgbẹ́ ti padà sórí igi létí títì báyìí. Ohun tí ikú kò lè lé lọ, àṣẹ láti ọ́fíìsì kò ní lé e. Níbi tí ìfòfindè bá ti yẹ, kó dúró gbọn-in: Okomu, tó di ọgbà ẹranko ti ìjọba àpapọ̀ lọ́dún 1999, kò gbọdọ̀ rí àwọ̀n, kò gbọdọ̀ rí ìbọn. Ilẹ̀ oko ni mò ń sọ̀rọ̀ rẹ̀.

Ó ku ti owó. Àwọ̀n wọ́n ju wáyà lọ, àwọn ọ̀dọ́ tí ìbá máa lé ẹran bọ̀ sì ti lọ gun ọ̀kadà láàárín ìlú. N kò fojú kéré èyí, nítorí ohun tó mú kí ọdẹ máa dá lọ sínú igbó pẹ̀lú wáyà ni pé kò rí ẹni tí yóò bá a lọ. Ìdí nìyẹn tí kò fi yẹ ká fi í sílẹ̀ fún ọdẹ nìkan. Ẹni tó ń hun àwọ̀n ìpẹja lè hun ti ọ̀yà, àwọn olóko ọ̀pẹ àti rọ́bà tó máa jèrè rẹ̀ sì lè dá sówó rẹ̀. Kí ìjọba ìpínlẹ̀ Edo mú abúlé méjì tàbí mẹ́ta láàárín Iyanomo àti Ologbo, kí àwọ̀n kọ̀ọ̀kan ní nọ́ńbà, kó sì máa wà nílé Odionwere, àgbà tó jẹ́ olórí abúlé náà, nígbà tí wọn kò bá lò ó. Kí wọ́n máa dẹ ẹ́ láti oṣù Kọkànlá sí oṣù Kẹta, kí wọ́n sì kó o pamọ́ ní ìyókù ọdún. Ẹnikẹ́ni tó bá kó wáyà rẹ̀ wá, kí wọ́n gbà á lọ́wọ́ rẹ̀ láìbá a ṣẹjọ́, kí wọ́n sì fi orúkọ rẹ̀ sára àwọn tó máa pín nínú ẹran àwọ̀n. Lọ́jọ́ tí wọ́n bá jáde, kí akọ̀wé abúlé kọ irú ẹran tó wọ àwọ̀n, akọ tàbí abo, èyí tí wọ́n pa àti èyí tí wọ́n tú sílẹ̀. Lẹ́yìn ọ̀gbẹlẹ̀ méjì, kí wọ́n gbé ìwé àkọsílẹ̀ yẹn pẹ̀lú iye wáyà tí wọ́n kó jọ lọ síwájú Ilé Ìgbìmọ̀ Aṣòfin ìpínlẹ̀ náà, kí àwọn aṣòfin kà á kí wọ́n tó dìbò lórí ohunkóhun.